Òkúta Tí Wọ́n Sọ Di Ọmọ Òkè

Obìnrin kan wà ní Ilé Àkójọ Òkúta tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa mú àlejò kiri inú yàrá, kí ó máa sọ ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan ti wá fún wọn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é ní Àǹtí Bóyá, nítorí pé gbólóhùn kan kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ kí "bóyá" má ṣáájú rẹ̀ bí akọ́dà tó ń la ọ̀nà fún ọba. Bí o bá bi í bóyá òjò ń rọ̀, bí ẹ tilẹ̀ jọ ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí páànù, yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ síta láti ojú fèrèsé kí ó tó dá ọ lóhùn.

Kì í ṣe pé ó gọ̀. Ìwé rẹ̀ ni kò dé ibi tí ó fẹ́ kí ó dé. Àìsàn bàbá rẹ̀ ló mú un kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn mọ́ ọn, láti ìgbà náà ni ó sì ti gbà lọ́kàn pé gbogbo ohun tí òun kò mọ̀ wà nínú àwọn ojú ìwé tí òun kò ṣí. Ó ti kíyè sí i pé bí ẹni tó kàwé dópin bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ènìyàn á ní ó gbàgbé ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kò kà á tán bá ṣì í sọ, wọn á ní kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ yìí wá kan iṣẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni wọ́n gbà á, ìgbà díẹ̀ náà sì ti gùn tó bẹ́ẹ̀ tí irun fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun ní ẹ̀bá etí rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó ń bójú tó Ilé Àkójọ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Àgbà ibẹ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bọ̀ wá gbọ́ bí afinimọ̀nà náà ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá péye, wọn yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá péye, kí ó máa lọ sílé, kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ tí yóò sọ kò ṣòro fún un, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Oríṣi òkè méjì ló wà láyé, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Èkínní wà lábẹ́ òkun, níbi tí èèpo ayé ti ń ya sí méjì, tí apá kan ń sún lọ sí ọ̀tún, tí èkejì ń sún lọ sí òsì. Láàárín ìyapa náà ni òkúta yíyọ́ ti ń ru sókè láti ìsàlẹ̀. Omi òkun tútù á gbá a mú kí ó tó rójú ráyè, á sì dì wọ̀ọ̀. Ìdí nìyí tí òkúta ibẹ̀ fi dúdú, tí ó wúwo, tí hóró inú rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lásán ń rí, tí ó sì máa ń rí roboto-roboto bí ìrọ̀rí tí wọ́n tò jọ. Òkè orí ilẹ̀ ní tirẹ̀, ìjà ló bí i. Ilẹ̀ méjì forí gbárí, kò sí èyí tó fẹ́ yẹ̀ fún èkejì, ohun gbogbo tó wà láàárín wọn sì ká jọ bí aṣọ tí alágbàfọ̀ fún: ẹrẹ̀, iyanrìn, ìkarahun ẹran omi. Gbogbo rẹ̀ dì, ooru sì pa wọ́n lára dà. Akọ òkúta pẹ̀lú wà níbẹ̀, èyí tó fi sùúrù tutù ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ títí hóró rẹ̀ fi tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́. Ní àpapọ̀, wọ́n fúyẹ́ ju ti òkun lọ.

Kí ó má baà gbàgbé, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ di gbólóhùn kúkurú tí ó máa ń sọ sínú ara rẹ̀ bí ó bá ń rìn bọ̀ níbi iṣẹ́: dúdú tó wúwo, ọmọ òkun, aláwọ̀ mímọ́ tó fúyẹ́, ọmọ òkè.

Ọ̀gá Àgbà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní àtẹ àárín yàrá ńlá ti ṣófo jù fún ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kó òkúta méjì kan jáde láti yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti wà ṣáájú kí wọ́n tó gba Àǹtí Bóyá síṣẹ́. Òkúta kọ̀ọ̀kan ní páálí àkọlé tirẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà tó ń gbálẹ̀, tó sì ń nu gíláàsì, ló gbé wọn jáde, ó fọ eruku wọn nù, ó sì gbé wọn sórí àtẹ. Nígbà tí Àǹtí Bóyá dé ibẹ̀, ó bá òkúta dúdú kirimú kan tí ara rẹ̀ ń dán bí ìgò, tí ó rí roboto bí ìrọ̀rí, tí wọ́n kọ "Láti orí òkè" síwájú rẹ̀. Ó sì bá èkejì, aláwọ̀ ewéko tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ là kọjá bí awọ ejò, tí wọ́n kọ "Láti abẹ́ òkun" sí tirẹ̀.

Ó ka páálí méjèèjì lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá," ni ó pe obìnrin agbálẹ̀ náà, "ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí páálí méjì yìí ṣe wà tẹ́lẹ̀ lẹ ṣe fi wọ́n sí?"

"Bí mo ṣe bá wọn ni. Omi kan gọ́ọ̀mù wọn, wọ́n bọ́, mo sì dá ìyàwó kálukú padà sílé ọkọ rẹ̀."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Dáadáa? Pé kì í ṣe pé èyí bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, tí ìyẹn bọ́ sí ọwọ́ òsì, tí ẹ wá bóyá yí ojú síbì kan, tí ẹnì kan sì bóyá kí yín..."

"Ta ló kí mi?"

"Mi ò sọ pé wọ́n kí yín, Màmá. Mo ní bóyá."

Ìyá náà ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ sínú garawa. "Kí o tó wọlé, ọmọ mi, ọkàn mi balẹ̀, mo mọ ohun tí mo ṣe. Ní báyìí, bí o bá bi mí pé ta ni bàbá àwọn ọmọ mi, màá ní kí o jẹ́ kí n lọ wádìí. Òkúta ni wọ́n! Fi wọ́n síbi tó bá wù ọ́, wọn ò ní sunkún."

Ohun tó kù ni kí ó béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè, Ọ̀gá yóò mọ̀ pé kò mọ̀, èyí sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ó gbé òkúta dúdú sí ọwọ́ kan, ó gbé aláwọ̀ ewéko sí ọwọ́ kejì. Dúdú wúwo ju èkejì lọ. Ó pààrọ̀ ọwọ́, ó tún gbé wọn wò. Ó ṣì wúwo jù ú. Ó wá fi ojú wo hóró inú rẹ̀, kò rí hóró kankan. Gbogbo ohun tí ó kọ́ láyé ń sọ ohun kan náà fún un. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó sì pààrọ̀ àwọn páálí náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀. Aago ni ọkọ rẹ̀ ń tún ṣe, nínú yàrá iwájú ilé wọn, gíláàsì kékeré kan sì máa ń há sí ojú kan rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ.

"Ìyá wọn," ni ọkùnrin náà wí láì gbé orí sókè, "ẹni tó kọ páálí yẹn, ṣé kò rí òkúta ọ̀hún kí ó tó kọ ọ́?"

"Ènìyàn lè ṣèṣì, bàbá wọn."

"Òótọ́ ni. Ìwọ náà ńkọ́, ṣé ìwọ kì í ṣe ènìyàn?"

"Mo tẹ̀lé ìlànà ni o."

"Aago tí wọ́n gbé wá fún mi láàárọ̀ yìí, ìlànà ni ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe tẹ̀lé. Ó kàn jẹ́ pé ìlànà aago mìíràn ni." Ó fẹ́ eruku kúrò lára irin tíńtín kan. "Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, àwàdà ni mò ń ṣe. Jẹun kí o sùn."

Ó jẹun, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí oúnjẹ náà gbà lọ.

Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, Ọ̀gá Àgbà wọ kóòtù, ó sì fún táì mọ́ ọrùn títí ohùn rẹ̀ fi yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wọlé jẹ́ obìnrin kúkurú tí oòrùn ti sun ojú rẹ̀, tó wọ bàtà àwọn tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ó kí gbogbo wọn, ó kí ìyá agbálẹ̀ náà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì yíjú sí afinimọ̀nà.

"Arábìnrin, ẹ má fi mí ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ fi mí ṣe ẹni tó ń kọjá lọ tí òjò lé wọlé."

Àǹtí Bóyá bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi tí omi tútù ti ń gbá òkúta yíyọ́ mú, ọ̀rọ̀ náà gbé e. Ó sọ nípa òkè tí ìyapa bí àti òkè tí ìjà bí, ó ṣàlàyé ìdí tí ọ̀kan fi dúdú tí èkejì fi mọ́. Kò tilẹ̀ rántí pé òun kò sọ "bóyá". Ọ̀jọ̀gbọ́n ń mi orí. Ọ̀gá Àgbà náà ń mi tirẹ̀, ó ń wo orí Ọ̀jọ̀gbọ́n kí ó lè mọ ìgbà tó yẹ kí ó mì í.

Báyìí ni wọ́n dé ìdí àtẹ àárín yàrá. Ojú Ọ̀gá Àgbà bọ́ sí òkúta dúdú, ó bọ́ sí páálí rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú òkúta náà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè gíga kan nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, tí ikùn kò tíì sí. Ìtàn ìrìn náà ni ó fi fẹ́ ìyàwó, òun náà ni ó fi di ọ̀gá. Ó sì wá rí i kedere, lọ́jọ́ tí àlejò pàtàkì dé, pé wọ́n kọ "Láti abẹ́ òkun" sí i, bí ẹni pé inú omi ni òun ti lọ mú un. Ó la ẹnu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣáájú rẹ̀. "Háà! Ta ló ní ìgboyà yìí?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta náà bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. "Orí òkè lẹ ti rí èyí, àbí? Mo mọ irú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ méjì bá ń forí gbárí, wọ́n máa ń há díẹ̀ nínú ìsàlẹ̀ òkun sáàárín, wọ́n á sì tì í sókè gẹ́gẹ́ bí omíyalé ṣe ń gbé igi sórí òrùlé. Ẹni tó bá rí igi lórí òrùlé kò ní sọ pé orí òrùlé ló ti hù. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé òkúta tí mo dé, ibi tí wọ́n ti ṣa òkúta ni wọ́n ń kọ, wọn kì í kọ ibi tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ ibi tí wọ́n ti bí i!"

Ọ̀gá Àgbà pa ẹnu dé. Ó tún un là, ọ̀rọ̀ mìíràn sì ti wà nínú rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Gbogbo páálí tó wà lórí àtẹ yìí, èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ wọ́n wò."

Àǹtí Bóyá tẹjú mọ́ ilẹ̀. Nígbà náà ni ó mọ̀ pé bí òkúta dúdú bá ti orí òkè wá lóòótọ́, páálí àkọ́kọ́ kò ṣèṣì, ìyá agbálẹ̀ náà kò sì ṣèṣì. A jẹ́ pé òkúta kejì...

"Èyí ńkọ́?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbé aláwọ̀ ewéko náà lọ́wọ́, ó sì ń yí i po. "'Láti orí òkè.' Ọ̀gá, òkúta yìí, èmi ni mo fún ilé yìí. Mo wà nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí a fi àwọ̀n irin wọ́ ọ jáde láti ara òkè abẹ́ òkun. Inú ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti wá. Omi òkun wọ inú rẹ̀, ó pa á lára dà, ó sọ ọ́ di aláwọ̀ ewéko, ó sì mú un fúyẹ́. Wọ́n máa ń ṣì í mú fún ọmọ òkè nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ta ló kọ èyí?"

Ọ̀gá Àgbà kò lè yẹ̀ sẹ́yìn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun yẹ gbogbo páálí wò ni.

"Èmi ni, Mà," ni Àǹtí Bóyá wí. Ohùn rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. "Mo pààrọ̀ àwọn páálí náà. Mo rò pé wọ́n ti ṣi ara wọn gbé. Mo ṣèṣì sí méjèèjì. Èyí tó bọ́ sí i, mi ò mọ̀ pé yóò bọ́ sí i."

"Ẹ má dá a lóhùn!" Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín ńlá, ó sì fọwọ́ gbá àtẹ. "Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìrẹ̀lẹ̀ ló ń dà á láàmú. Bí ilé bá jó, yóò ní òun ló ṣá iná sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìlànà kan náà ni a tẹ̀ lé. Òkúta àkọ́kọ́, ibi tó ti wá la kọ. Èkejì, ibi tó ń lọ la kọ. Ṣé bí ayé ṣe ń yí, ìsàlẹ̀ òkun kọ́ ni yóò di òkè lọ́la? Ọ̀kan àná, ọ̀kan ọ̀la!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó pẹ́, bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí epo wà létè rẹ̀ tó ń búra pé òun kò dé ìdí ìkòkò. Ó wo afinimọ̀nà náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e, ó rín in títí ó fi di etí àtẹ mú.

"Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ báyìí, bàbá, kò tọ́ kí ènìyàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó dára. Bí ó bá jẹ́ ibi tó ń lọ ni, kí ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àlejò má baà ṣìnà. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A ti gbọ́, a ti ṣe é," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí Àǹtí Bóyá. "Ọ̀rọ̀ yín péye, arábìnrin. Màá sọ fún wọn pé kí wọ́n fìdí yín múlẹ̀."

"Ṣùgbọ́n, Mà, mo ní mo ṣèṣì."

"Mo gbọ́ yín," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ilé kún fún ayọ̀. Ọkọ rẹ̀ tilẹ̀ yọ gíláàsì kúrò lójú láti wò ó dáadáa. Ọ̀gá Àgbà ní tirẹ̀ gbé iṣẹ́ fún alágbẹ̀dẹ bàbà pé kí ó fín àkọlé méjèèjì sára bàbà tó ń dán, nítorí páálí kò yẹ irú ìlànà ńlá bẹ́ẹ̀. Bàbà náà kéré, àlàyé sì gùn. Wọ́n fín "Láti abẹ́ òkun" sí ti òkúta dúdú, wọ́n fín "Láti orí òkè" sí ti aláwọ̀ ewéko, wọ́n sì fi àlàyé sílẹ̀ títí di ìgbà tí ààyè yóò wà. Ààyè kò sí títí di òní.

Àwọn àlejò àkọ́kọ́ tó mú kiri lẹ́yìn ìfìdímúlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkúta aláwọ̀ ewéko, ó sọ òótọ́ fún wọn: abẹ́ òkun ni ó ti wá. Olùkọ́ náà tẹ̀ síwájú, ó ka bàbà, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ó jọ pé ẹ gbàgbé, Mà. Orí òkè ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ ohun tó wà lára bàbà."

Wọ́n sì kọ ọ́. Olùkọ́ náà sọ fún Ọ̀gá Àgbà nígbà tí wọ́n ń lọ, kì í ṣe láti fi í sùn, pé afinimọ̀nà yín dára púpọ̀, ó kàn jẹ́ pé ó ṣi ibì kan sọ.

Ọ̀gá pè é sínú ọ́fíìsì. "Kí ló dé tí o ń bá bàbà jiyàn?"

"Irọ́ ló wà lára bàbà, sà."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i."

"Ó ní kí ẹ kọ àlàyé sí i."

"Ààyè kò sí! Sọ ohun tó wà níbẹ̀, kí o sì kọjá."

"Mi ò lè sọ ọ́, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́, mi ò ní sọ ohunkóhun níbẹ̀."

"Ìyẹn náà dáa," ni Ọ̀gá wí. Ara tù ú. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Láti ìgbà náà, bí Àǹtí Bóyá bá ti sọ̀rọ̀ geere yíká yàrá, bí ó bá dé ìdí òkúta aláwọ̀ ewéko, yóò pa ẹnu dé. Yóò dúró, yóò káwọ́ mọ́ iwájú, yóò tẹjú mọ́ òkúta náà bí ẹni tó wà níwájú òkú àgbà, títí àwọn àlejò yóò fi wò ó tán. Àwọn àlejò kò mọ̀ pé ìjà ni ó ń jà. Wọ́n rí obìnrin tó ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo òkúta, tí kò ní fún ọ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì gbà pé ọ̀wọ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá ń sún mọ́ ọn. Àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà. Ìròyìn jáde sí ìgboro pé òkúta kan wà ní Ilé Àkójọ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nítorí rẹ̀ nìkan. Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n na okùn pupa yí i ká, kí wọ́n sì tan iná kékeré sí i lórí. Òkúta dúdú tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ mú kò rí iná kankan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan tó mú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ wá dúró pẹ́ níwájú okùn náà. Ó fà sẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ìyá agbálẹ̀ tó ń nu gíláàsì, ó sì bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìyá, kí ló wà nínú òkúta yẹn gan-an?"

"Ẹ lọ bi ẹni tó dákẹ́ yẹn," ni ìyá náà dáhùn. "Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í tán, tí ẹ kò mọ orúkọ ara yín mọ́, ẹ má padà wá bá mi."

Bàbá náà kò bi Àǹtí Bóyá. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé, bí kò bá ní bínú, kí ó sún mọ́ òkúta náà díẹ̀ kí àwọn lè ya àwòrán, kí àwọn ọmọ náà lè máa rántí. Àǹtí Bóyá kò mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ̀ fún àgbàlagbà. Ó sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fóònù bàbá náà tàn gbà. Nígbà tí bàbá náà na fóònù sí i kí ó wò ó, gbogbo wọn ló hàn nínú rẹ̀: àwọn ọmọ, okùn pupa, òkúta aláwọ̀ ewéko, òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu pípadé. Bàbà náà sì wà ní ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ "Láti orí òkè" tó wà lára rẹ̀ hàn ketekete, bí ẹni pé òun ni ó ń sọ ọ́.

"Ó dára gan-an," ni bàbá náà wí. "Lẹ́tà rẹ̀ ṣeé kà."